Báírò lórí lẹ́tà òṣèré mi

Bàámi ba ohun tí mo fẹ́ràn jù jẹ́ lónìí, mi ò sì lè bínú sí wọn. Ó ti rẹ̀ mí.

Mo ní lẹ́tà kan tí òṣèrébìnrin sinimá àtijọ́ kan kọ, sinimá tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ń yan dírẹ́bà wọn lálè, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀. Bàbá Onísinimá, tí wọ́n ń kó ẹrù àwọn òṣèré àtijọ́ jọ ní Ọ̀yọ́, ló fún mi. Wọ́n ní tí mo bá tọ́jú ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àwọn á fún mi ní èsì tí ọkọ náà kọ.

Oṣù mẹ́ta pé lónìí. Mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́ ní ibùdókọ̀ Takie, mo gbé lẹ́tà náà lé itan bí ẹni gbé ẹyin.

Bàbá wọ awò, wọ́n gbé lẹ́tà náà sójú.

"Ta ló fi báírò tẹ orí orúkọ yìí?"

"Báírò kẹ̀, sà?"

"Ìbá parẹ́ tán, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yẹn kọ́ nìyí mọ́."

Wọ́n ti àpótí tí èsì ọkọ náà wà nínú ẹ̀ pa.

Mo délé, Bàámi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i pé mo bá ẹ tún orúkọ yẹn kọ? Ó ti ń ṣá. Mo rọra ṣe é, kò yà kúrò lójú ìlà rárá."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mi ò ní mọ̀ láéláé bóyá ọkọ yẹn dárí jì í.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa sọ fún Bàámi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwé nóòtù tí à ń gbà lọ́wọ́ ara wa yìí fún ẹlòmíì.