Hikmat Tó Ń Béèrè Ìṣirò Lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń bínú sí ọmọ tí mi ò rí rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín dá a lẹ́jọ́.

Asiata lorúkọ mi. Ojoku ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀fà ni mò ń gbé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan kí ẹni tó ni ín tó tì í pa. Láti ọdún mẹ́ta wá, fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Pólì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹni tó bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí, tó rí i bí nǹkan ṣe ń yé ọmọ níṣojú rẹ̀, inú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè dùn síbi kó máa tẹ bọ́tìnnì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ìṣirò Ò Le ni mo pè é. Ọmọ tí nǹkan ò bá yé á ya fọ́tò ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀, èmi á sì fi ohùn ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní irínwó báyìí. Ọmọ Ọ̀fà wà ńbẹ̀, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé wà ńbẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà sí wọ inú gúrúùpù mi, ìta ló máa bá ara rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Hikmat ni ààyò mi. Ó ní òun wà ní SS2, ní Ojoku, ìlú mi. Àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ híjáàbù ló fi sójú nọ́ńbà rẹ̀. Ojú ń ti ọmọ náà, kì í béèrè láàárín èrò. Ọ̀dọ̀ èmi nìkan ló máa ń kọ ọ́ sí, ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Bí mo bá ní kí n pè é, á ní fóònù ìyá òun ni, ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí lára rẹ̀ ti bàjẹ́. Iléyá tó kọjá, mo gé ẹran sọ́tọ̀ fún un, mo ní kí n fi rán ọlọ́kadà. Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí òun gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ̀. Mo ní, háà, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí! Mo ń ṣàdúà fún un bí ẹni ń ṣe fún ọmọ inú ẹni. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, mo gbọ́ pé Alhaja kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ń wá tíṣà ìṣirò, ẹnì kan ṣoṣo péré. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé yìí tó kí n tún padà síwájú pátákó. Èmi náà ni mo tún lọ sọ fún Gbádé Akínwándé pé iṣẹ́ wà. Èmi àti Gbádé la jọ kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa yẹn. Ẹnu Gbádé dùn, ó mọ táì wọ̀, "Àǹtí mi" ló sì máa ń pè mí. Ìṣirò gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ yé e, kí n má parọ́. Bí ọmọ bá bi í ní ìbéèrè, á ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, a ò mọ ibi tí orí máa bá ẹni ṣe é.

Àwa méjèèjì ni Alhaja ní ká wá. Ó ní ká wá kọ́ àwọn ọmọ SS2 lọ́jọ́rú níṣojú òun, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì. Iṣẹ́ tó fún wa ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní "completing the square", ìyẹn kíkún nǹkan títí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ á fi dọ́gba. Inú mi dùn. Ìṣirò yẹn máa ń fún ọmọ lórí fífọ́, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀nà kan tí mo ń gbà kọ́ ọ, tí mi ò rí nínú ìwé kankan. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti rí i.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú, Hikmat kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, completing the square ò yé mi." Kò yà mí lẹ́nu, ohun tí gbogbo SS2 ń kọ́ nígbà yẹn ni. Inú mi tiẹ̀ tún dùn sí i. Mo ní kí n fi ọmọ yìí dánra wò.

Mo gbohùn sílẹ̀ fún un. Mo ní: "Hikmat, ọmọ mi, fojú inú wo oko iṣu bàbá mi. Ìlà x ló wà níbẹ̀, ebè x ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Bàbá wá fẹ́ fi ìlà mẹ́fà kún un. Bí ó bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sápá kan, oko ò ní dọ́gba mọ́. Torí náà, ó kọ mẹ́ta sápá ọ̀tún, ó kọ mẹ́ta sísàlẹ̀. Wò ó dáadáa, igun kan ṣófo. Ebè mélòó ló máa gbà? Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Bàbá mi máa ń sọ pé igun tí o bá fi sílẹ̀, koríko lo fi í fún."

Lọ́jọ́rú, Gbádé ló kọ́kọ́ wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ ọ tó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fojú inú wo oko iṣu bàbá mi ní Ojoku."

Bàbá Gbádé! Akọ̀wé rélùwéè tí kò di ọkọ́ mú rí! Mo gbọ́ ìlà x, mo gbọ́ mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta nísàlẹ̀. Nígbà tó dórí igun tó ṣófo, ó ní: "Bàbá mi máa ń sọ pé igun tí o bá fi sílẹ̀, koríko lo fi í fún." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún láyé mi.

Wọ́n pè mí wọlé. Orí mi ti dàrú, mi ò rí òmíràn kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ebè sójú pátákó ni àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Alhaja ní, "Àǹtí, èyí tí Mísítà Akínwándé ṣe tán nìyí. Ẹ ò ní tiyín ni?"

Mo ní, "Alhaja, tèmi ni, mà. Oko bàbá mi ni!" Mo fa fóònù yọ, mo jẹ́ kí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí Hikmat dún síta. Alhaja gbọ́ ọ.

"Ta ni Hikmat?"

"Ọmọ kan ní Ojoku ni, mà."

"Ẹ ti rí i rí?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá kan Mísítà Akínwándé níbẹ̀? Bóyá inú ìwé kan náà lẹ̀yin méjèèjì ti rí i."

Gbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alhaja, mi ò mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ o." Níwájú mi! Bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni.

Òun ni wọ́n gbà. Mo dúró dè é lẹ́nu géètì. Ìdí tí Hikmat kì í fi í jẹ́ kí n pè é, tí kò fi jẹ́ kí n rán ẹran sí i, ti yé mi báyìí.

Mo ní, "Gbádé, ìwọ ni Hikmat."

Ó wolẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Nọ́ńbà mi kejì ni mo fi ń kọ ọ́. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń kọ nóòtì tí mo fi ń ṣe lẹ́sìnnì nílé àwọn èèyàn. Ojú ń tì mí láti bi yín."

"Ojú ń tì ọ́? Ojú ò wá tì ọ́ láti gba bàbá mi mọ́ mi lọ́wọ́? Ká ní o wá bá mi bíi Gbádé, ṣé mi ò ní kọ́ ọ ni? Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́ kẹ̀!"

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Mo sunkún dé ṣọ́ọ̀bù, tí ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì fi ní òun á padà wá.

Mi ò yọ Hikmat kúrò nínú gúrúùpù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, mo fẹ́ wò ó bóyá ojú á tì í. Sọ́ńdè kejì lẹ́yìn tó wọṣẹ́, ó jáde sí gbangba nínú gúrúùpù fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ẹ kú Sọ́ńdè o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, probability ò yé mi."

Mo kọ ọ́ pé, "Lọ bi tíṣà yín."

Nígbà tó yá, ọmọ kan tó ń jẹ́ Bàrákàt, tó wà ní SS2 nílé ẹ̀kọ́ Alhaja, kọ ọ́ pé: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi náà fẹ́ béèrè ẹ̀ ni. A bi tíṣà wa tuntun ní Fúráìdè, wọ́n ní ká jókòó."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo tún gbé e. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n kí ni Bàrákàt ṣe fún mi? Mo tẹ ibi ohùn, mo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun gbogbo tí mo mọ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Hikmat ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san, mà. Ó ti yé mi."