Igi Àjà Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Ha

Mo máa ń fura ju bó ṣe yẹ lọ, n kò ní parọ́. Bí mo bá ra epo pupa, àfi kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí n tó gbà pé epo ni.

Nígbà tí mo ń kọ́ ilé tí ìyá mi yóò máa gbé ní Ìwó, mo ní n kò fẹ́ sílìn ní pálọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn igi àjà hàn síta, ìrókò gidi. Ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá mi ni káfíńtà tó gba iṣẹ́ náà. Òun ló fà mí lọ́wọ́ dé ilé-kéwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wò mí títí.

“Àwọn èèyàn á ní o ò tíì kọ́lé tán ni o.”

Ọjọ́ tí mo lọ kí àwọn àna mi ní Ilé-Ogbó ló gbé igi náà sókè. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti dúdú kirikiri. Ó ti fi ọ́ìlì mọ́tò kùn wọ́n, ó ní nítorí ikán ni. Ikán kẹ̀? Ṣé ikán ń jẹ ìrókò ni? Lọ́jọ́ tí n kò sí nílé gan-an? Ọkàn mi ní arère ni, ó kàn fi ọ́ìlì bo funfun rẹ̀ ni. Bí ikán bá wá jẹ arère yẹn, orí ta ló máa wó lé bí kò ṣe orí ìyá mi?

Ìyá mi ní, “Lọ bi wọ́n. Wọn ò ní parọ́ fún ẹ.”

N kò bi í. Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀, mo gun àkàbà rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha igi àkọ́kọ́. Ìrókò ni. Mo ní bóyá èyí tó fẹ́ kí n rí nìyẹn. Mo ha mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìrókò ni gbogbo wọn.

Mo ṣì wà lórí àkàbà nígbà tó wọlé. Ó wo ibi tí mo ha lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Gbogbo igi tí mo ti ń kàn láyé mi, òkè sílìn ló máa ń wà, ọ́ìlì la sì fi ń lé ikán. Mo gbàgbé pé tìẹ máa hàn síta. O ò ṣe bi mí?”

Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí n dìde, ó ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fá ọ́ìlì náà kúrò. Igi náà dára, ó ń wu èèyàn í wò.

Lọ́jọ́ tó parí, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Ìyá mi gbé omi tútù fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì rọra gbé ife náà sílẹ̀. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ìyá mi yíjú wò mí, ojú sì tì mí gan-an. Títí di òní, káfíńtà náà kò tíì fẹnu kan nǹkan kan nílé wa.