Kọ́lápọ̀ àti Agolo Màmá

Ìmọ̀ Kọ́lápọ̀ kò tíì pé ọdún kan nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1996. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ti kà á tán ni, bóyá ì bá mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Ká ní kò bẹ̀rẹ̀ rárá ni, wọn ì bá ní ọmọ dáadáa ni. Ìdajì ìwé ló gbé wálé, ìdajì náà ló sì fi ń yẹ gbogbo agbo ilé wò ní àdúgbò Òkèrèwè, bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò lójú oòrùn.

Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni. Àbúrò Màmá, ìyá Awóníyì, ló bí i. Nígbà tí kò rí yàrá gbà nínú ọgbà yunifásítì, Màmá ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó fún un ní yàrá tó kángun sí ilé ìdáná, kò gba kọ́bọ̀. Yàrá yẹn bá a lára mu. Tí Ìbídàpọ̀, àbúrò Awóníyì, bá ti fi ìgbakọ lu ìdérí ìkòkò báyìí pé oúnjẹ délẹ̀, Kọ́lápọ̀ ti dé pẹ̀lú abọ́. Àwọn yòókù ṣì ń wá bàtà.

Sàìkọ́lọ́jì ló ń kọ́. Awóníyì, tí í ṣe káfíńtà, tó ti fi ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tuu, bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìmọ̀ ìdí tí èèyàn fi ń ṣe ohun tó ń ṣe ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé àwọn tó ń ṣe é ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ wá mọ̀ ọ́n."

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Roqeeb, ọmọ ọdún méjì tí Sàrátù ará ilé kejì bí, máa ń ké tó bá rí ẹni tó wọ aṣọ funfun. Àwọn kan ti ń sọ pé ayé ló ń dà á láàmú. Kọ́lápọ̀ ní kò sí ayé kankan níbẹ̀, ojú tí ọmọ fi ń wo nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́ ló fi ń wo gbogbo aláṣọ funfun. Ó ní kí wọ́n dúró di Jímọ̀. Nígbà tó di Jímọ̀, Abdulwaheed, bàbá Roqeeb, ti mọ́ṣáláṣí dé nínú jalabíà tó funfun nini. Ọmọ figbe ta, ó kó sábẹ́ tábìlì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Abdulwaheed. Láti ọjọ́ náà, ẹnu Kọ́lápọ̀ ò pa dé mọ́. Tó o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ.

Màmá kú ní oṣù keje. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín, Awóníyì ń fá pákó lẹ́yìn ilé, Kọ́lápọ̀ wá dúró tì í.

"Bọ̀ọ̀dá, ìpele kejì lẹ wà báyìí."

"Ìpele kí ni?"

"Ti ọ̀fọ̀. Márùn-ún ni. Lákọ̀ọ́kọ́, èèyàn á ní irọ́ ni, ẹni náà ò kú. Ìkejì, ìbínú."

"Ta ló gbé mi dé ìkejì?"

"Bí ẹ ṣe ń fá pákó yẹn."

Awóníyì wo pákó náà. Ó ti fá a kọjá ibi tó yẹ, kò lè ṣe ilẹ̀kùn mọ́.

"Kọ́lápọ̀, àkàbà ni mo máa ń kàn. Ẹnì kankan kì í gbé mi gùn ún."

Ohun tí Màmá fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni, Dúdú tó lóyún sì ni àgbà wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Màmá á fi ṣíbí lu agolo tòmátò ńlá kan lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Dúdú, ilé làbọ̀ sinmi oko." Ibi yòówù kí wọ́n wà, wọ́n á sáré dé, á sì da èèpo iṣu sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Awóníyì ló ń lu agolo. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni kò lè sọ. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kò kọjá orúkọ Dúdú. Ṣùgbọ́n tí agolo bá ti dún, ewúrẹ́ á dé. Nínú gbogbo ohun tó kù nílé, àwọn nìkan ló ṣì ń jẹ́ ìpè Màmá. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kọ́lápọ̀ wò wọ́n, ó mi orí.

"Kì í ṣe ìfẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá. Òyìnbó kan ti fi agogo dán an wò lára ajá. Agolo àti èèpo ni. Ẹ dáwọ́ èèpo dúró, kí ẹ máa lu agolo títí, wọn ò ní wá mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò gbà."

"Mo ní mo gbọ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Awóníyì rí iṣẹ́ òrùlé ọjọ́ márùn-ún ní Ẹdúnàbọ̀n. Ìbídàpọ̀ bá a lọ, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó wá sìnkú. Ó ku Kọ́lápọ̀ nílé.

"Máa fún wọn ní èèpo nírọ̀lẹ́. Dúdú ti fẹ́ bí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Ọjọ́ tí wọ́n dé, Awóníyì lu agolo lẹ́ẹ̀mẹta. Ewúrẹ́ méjì wà lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n gbé e padà sílẹ̀. Dúdú kò sí. Ó tún lù ú. Kọ́lápọ̀ ló jáde, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó ṣiṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Ogún ìgbà lóòjọ́ ni mo ń lu agolo láìfún wọn ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kìíní, ìgbà méjìdínlógún ni wọ́n wá. Lọ́jọ́ kejì, mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹrin, òdo."

"Kí ni wọ́n wá ń jẹ?"

"Àárọ̀ ni mò ń fún wọn. Láìlu agolo."

"Dúdú dà?"

Kọ́lápọ̀ ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Ọjọ́ kẹta ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn."

Awóníyì kò nà án. Àwọn ará ilé retí rẹ̀ títí. Abdulwaheed tilẹ̀ ti gbé àga jáde. Agolo ni Awóníyì mú, ó bọ́ sóde. Ó dé ààtàn, ó dé etí odò. Ní ọjà ẹran Sábó, ó ń wo ewúrẹ́ dúdú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìso, títí ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà wọ́n fi bi í bóyá ó fẹ́ rà ni àbí ó wá kí wọn. Ọjọ́ kejì, ó tún jáde. Ó lu agolo títí apá fi ń ro ó. Ewúrẹ́ tó bá ti mọ̀ pé irọ́ ni agolo ń pa, kí ló fẹ́ wá ṣe?

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé kan tí wọn kò kọ́ parí. Ó gbé agolo sílẹ̀.

"Dúdú," ó ní. Ó wúkọ́. "Dúdú, ilé làbọ̀ sinmi oko."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun kan dáhùn láti inú ilé náà. Dúdú yọ, ó ti rù, ọmọ tuntun méjì ń tẹ̀lé e.

Kọ́lápọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó kó wọn dé.

"Ìyẹn náà ní orúkọ, Bọ̀ọ̀dá. Tí ohun tí ẹranko ti gbàgbé bá tún ṣàdédé sọ jí..."

"Gbogbo nǹkan ló ní orúkọ. 'Ẹ pẹ̀lẹ́' ńkọ́? Kò sí nínú ìdajì tó o kà?"

Kọ́lápọ̀ ronú. "A ò tíì dé ibẹ̀," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídàpọ̀ fi ìgbakọ lu ìdérí ìkòkò. Kọ́lápọ̀ dé pẹ̀lú abọ́. Ìkòkò ṣófo, ọ̀dọ̀ Sàrátù ni wọ́n ti jẹun. Awóníyì na bírò sí i.

"Ìgbà kìíní. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣé ẹ ń bínú ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ìpele kejì ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìbídàpọ̀ lu ìdérí. Iṣu àti ẹ̀fọ́ wà nílẹ̀ lóòótọ́, ó ń tú èéfín. Kọ́lápọ̀ kò jáde. Awóníyì jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti Kọ́lápọ̀, ó sì kó èèpo lọ fún Dúdú.