Bí Bàbá Rọra Ṣe Kọ́ Ẹni Tó Nà Án

Àmì kan ṣoṣo ló kù kí Bàbá Rọra borí Akọ̀wé, ló bá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dá eré dúró. Àwọn èrò ìwòran rò pé àyà ló ń dùn ún. Ó yí àwọ̀n po, ó lọ di ọwọ́ Akọ̀wé mú.

"Ọmọ mi, bí ẹni tó ń fún adìyẹ lọ́rùn lo ṣe di pátákó yìí mú. Tú ìka rẹ. Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹ́ kó mí díẹ̀."

Akọ̀wé tú ìka. Wọ́n padà sẹ́nu eré, kò sì pẹ́ tí Akọ̀wé fi nà án. Bàbá Rọra ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀kọ́ mi ń ṣiṣẹ́!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó yẹ kí ẹ̀rín náà korò lẹ́nu wọn báyìí. Píkúbọ́ọ̀lù ni eré náà: pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù oníke tó kún fún ihò, kọjá lórí àwọ̀n kúkúrú. Pápá kan péré ni ẹgbẹ́ wọn ní, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan, èrò sì ti pọ̀ jù. Alága ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá borí rárá láàárín ọdún yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdíje ọjọ́ náà ló kẹ́yìn ọdún. Bàbá Rọra kò tíì borí ẹnikẹ́ni lọ́dún náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gé, fún fèrèsé àti fírémù àwòrán. Kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ agbára.

"Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rọra rékọjá," ni yóò máa wí, "bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn."

Alápatà, ẹni tó lágbára jù nínú ẹgbẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo ti fi agbára jẹun láti kékeré."

"Ẹran tí ò ń gé ti kú. Bọ́ọ̀lù yìí ṣì wà láàyè."

Alápatà fi gbogbo ara gbá a. Bọ́ọ̀lù náà há sínú àjà. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ìlà kan wà lẹ́bàá àwọ̀n tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá bí ènìyàn bá ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Rọra gbá ọ̀kan tó dára, ó sì dúró ṣáá.

"Ẹsẹ̀ mi kọjá ìlà."

"Bàbá, mi ò rí i," ni adájọ́ wí.

"Ìwọ lo ni fèrè. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gba àyè rẹ̀, ó ń lọ dúró sẹ́nu fèrèsé, ó ń kọ́ wọn láti ìta. Alága lẹ bébà bo gbogbo fèrèsé náà. Bàbá Rọra bá gbé etí lé ògiri.

"Ta ló gbá ìyẹn? Orúnkún rẹ le bí igi! Tẹ̀ ẹ́!"

Nínú lọ́hùn-ún, Alápatà tẹ orúnkún. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó lọ ṣílẹ̀kùn.

"Àwọn tó lé yín lẹ tún ń kọ́?" ni ìyàwó Bàbá Rọra bi í.

"Ta ni kí n wá kọ́? Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n?"

Ó kú lórí àga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàtà eré lẹ́sẹ̀. Níbi ìsìnkú, Alága dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Òpó ni bàbá jẹ́ fún ẹgbẹ́ wa."

"Òpó tí ẹ hú sọ síta," ni Màmá, ìyàwó olóògbé, dá a lóhùn láti orí ìjókòó. "Òrùlé yín ò sì wó?"

Ẹ̀rín gbọ̀n Alápatà. Ó fi ikọ́ bò ó.

Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé wá bá Màmá nílé, ó dorí kodò. "Màmá, mo ti fi àyè mi sílẹ̀ fún yín nínú ẹgbẹ́."

"Kí n fi ṣe kí ni? Ọkọ mi kò rí i lò." Ó wò ó títí. "Ṣé o mú pátákó rẹ dání?"

"Ó wà nínú báàgì."

Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Bàbá Rọra ta okùn sí dípò àwọ̀n. Màmá ń fi pátákó ọkọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí Akọ̀wé lẹ́sẹ̀, Akọ̀wé ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Òógùn bò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

"Bàbá ló máa ń kọ́ ènìyàn. Èmi, ṣe ni mo máa ń na ènìyàn."

Akọ̀wé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá náà rín in, títí ó fi ní láti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ògiri. Etí kan ló jókòó sí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jọ jókòó.

Akọ̀wé wo àyè tó ṣẹ́ kù. Ó jókòó sórí ilẹ̀.