Lábísí àti Ẹ̀kán Ìgò Tó Ṣẹ́gun Òòlù

Bí ẹ bá ń ti ọ̀nà Ìdogo bọ̀ ní Ìlaró, ẹ ó gbúròó ilé arọ Ọ̀ṣunníyì alágbẹ̀dẹ kí ẹ tó rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń yan gààrí, nítorí náà kò sí ohun tí Lábísí ìyàwó rẹ̀ ṣe níbẹ̀ tí kò ṣojú mi.

Ìyá Lábísí a máa fi ìgò oògùn aláwọ̀ búlúù rọ ìlẹ̀kẹ̀. Ó kú láìkọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgò díẹ̀ ló fi sílẹ̀, irú èyí tí a kì í rí rà mọ́. Nígbà tí Ìbíyẹmí, àkọ́bí Lábísí, wá ń lọ sílé ọkọ ní Ìpókíá, Lábísí ní dandan, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá òun ni yóò wà lọ́rùn ọmọ náà.

Ló bá jókòó ti iná ọkọ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ á jáde, á dára lójú. Kò ní pẹ́, pàá! Ó ti là.

Mo ní, "Lábísí, ìlẹ̀kẹ̀ lò ń rọ ni, àbí àgbàdo lò ń yan?"

"Ìyá Husain, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgò kan ṣoṣo ló kù."

Ọkọ rẹ̀ dá sí i. "Omi là ń ki àdá bọ̀ kó tó le. Ki òun náà bọ omi."

Àfọ́kù ìgò ọtí ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n jẹ́ kó kán sínú korobá omi. Èyí fọ́, tọ̀hún fọ́. Àfi ẹ̀kán kan, tó rí bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú odò: orí roboto, ìrù tín-ín-rín bí òwú.

Ọ̀ṣunníyì gbé orí ẹ̀kán náà lé irin, ó fi òòlù gbá a. Òòlù ta padà! Ó tún gbá a, pẹ̀lú agbára tó fi ń lu ọkọ́. Kò fọ́. Ìgò o! Èyí tó ń fọ́ bó bá ti já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé! Gààrí mi ń jóná, n kò mọ̀.

Lábísí wá fi ẹ̀mú ṣẹ́ ìrù rẹ̀ pẹ́rẹ́. Ẹ gbà mí! Gbogbo rẹ̀ tú ká bí iyọ̀, àtorí tí òòlù kò rí fọ́ àtìrù. Ọ̀ṣunníyì kàn ń wo òòlù rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà.

Ọlọ́run ló ní kí Micah, tíṣà sáyẹ́ǹsì, wá gba ọkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ròyìn fún un, ló bá kọjú sí Lábísí:

"Màmá, ẹ wo ẹ̀kọ gbígbóná tẹ́ ẹ bù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ á ti dì, inú á ṣì máa jó yín lẹ́nu. Omi ti mú ara ìgò yẹn le lójijì. Nígbà tí inú wá ń tutù, tó ń súnkì, ó ń fa ara mọ́ra gírígírí. Fífà yẹn ni agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ ẹ níbì kan, okùn já nìyẹn. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sí i."

Lábísí ronú. "Tíṣà, ṣé irú ìjà yìí náà ló ń la ìlẹ̀kẹ̀ mi?"

"Òun ni, Màmá. Ìta ń sáré tutù ju inú lọ."

"A jẹ́ pé n kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti kúrò nínú iná."

Ó yọ́ ìgò búlúù ìkẹyìn. Bó ṣe ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ ló ń rì í mọ́ inú eérú gbígbóná, ó da àpáàdì bò ó, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Nígbà tó hú wọn jáde, mo gba ọ̀kan, mo gbé e sétí, mò ń retí pàá. Kò dún. Lọ́jọ́ tí Ìbíyẹmí ń lọ, mo dì mọ́ ọn lọ́rùn pẹ́ títí. Ẹkún ni wọ́n rò pé mò ń sun. Etí ni mo fi lé ìlẹ̀kẹ̀ náà.