Orúkọ Tí Clifford Fi Bébà Bò

Noreen Tattersall kò ka ọkùnrin tó ń gbé àpótí àwo orin kiri sí ènìyàn gidi. Kò sì fi pa mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bá wọn pàdé nínú gbọ̀ngàn kan náà, ní Bacup, ní Rochdale, ní gbogbo ìlú kéékèèké tó sá pamọ́ sáàárín àwọn òkè Lancashire ní England, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jó sí orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́ ní Bacup bá ṣílẹ̀kùn, Noreen á wọ yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, á da pọ́dà sílẹ̀ kí bàtà lè yọ̀ dáadáa, á sì jó títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn alápòótí á to ara wọn sẹ́bàá ògiri bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Wọn kì í jó. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Noreen ní irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí ẹnìkan má baà ṣí àpótí wọn wò.

"Wò wọ́n," ló máa ń sọ fún Winifred Kershaw, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rán bàtà inú ilé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Waterfoot. "Bí o bá bi wọ́n pé kí ni orin yìí ń wí, wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bi wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwo, wọ́n á kà á fún ọ bí ìgbà tí ọmọdé ń ka a-b-d."

"Ìwọ náà ṣáà fẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí," ni Winifred á fèsì.

"Oríṣiríṣi àìsàn ló máa ń ṣe ènìyàn nígbà èwe."

Àìsàn tó ń wí ni Clifford Ogden, ọkùnrin ọlọ́rùn gígùn kan tó ń tún páìpù gáàsì ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá ń di olúwa àwo orin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Yàrá méjì ni ilé wọn ní lókè. Clifford àti àwo rẹ̀ ń gbé ọ̀kan, Noreen àti gbogbo ẹrù tó kù ń há ara wọn mọ́ èkejì. Ṣóńṣó ìka méjì ni Clifford fi ń mú àwo. Á fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, á gbé e sókè síbi iná, á rora sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ìkókó. Noreen kò rántí ọjọ́ kan báyìí tó fi irú ìka bẹ́ẹ̀ kan òun.

Àwo tó sọ Clifford di ẹni ńlá, ọwọ́ Noreen ló ti jáde wá. Ọdún 1976 ni. Clifford dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ọ̀fìnkìn mú un tó ń kérora bí aboyún, Noreen sì lọ sí ọjà Bury láti ra sọ́séèjì dúdú. Lójú ọ̀nà tó ń padà síbi bọ́ọ̀sì, ó rí ọkùnrin kan tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì àlòkù, àpótí àwo kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Noreen tẹ̀ ba, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú wọn ní bébà òfeefèé láàárín, àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kan sì wà lórí rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló wù ú. Owó tó san kò tó owó búrẹ́dì.

Nígbà tó délé, ó gbé sọ́séèjì kaná, ó fi àwo sí ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé òun dúró sínú òjò níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, òun kò ní wọ èyíkéyìí bí olólùfẹ́ òun kò bá dé. Nígbà tí orin dé àárín, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ ní tirẹ̀. Noreen bú sẹ́rìn-ín, ó tún un fi, ó ń jó yí tábìlì ká títí sọ́séèjì fi jóná. Òórùn yẹn ló gbé Clifford sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kò bèèrè ohun tó ń jóná. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ orin náà fún ìṣẹ́jú kan, ó sì lọ yọ ọ́ nígbà tí kò tíì parí.

Kó tó di alẹ́, ó ti gé bébà funfun róbótó, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo pẹ́pẹ́yẹ mọ́lẹ̀, ó sì ti kọ "Bernadine Lamont" sí i. Odessa Pruitt ni orúkọ tó wà nísàlẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ń bo orúkọ rẹ̀?" ni Noreen bi í.

"Kí àwọn ọ̀tá má baà mọ èyí tí wọ́n á máa wá kiri."

"Ọ̀tá wo?"

"Gbogbo ènìyàn."

"Ọmọ ọlọ́mọ ló kọ orin yẹn, Clifford. Ó lórúkọ."

"Orúkọ rẹ̀ ṣáà wà lábẹ́ bébà. Kò sá lọ." Ó wá ní kí Noreen búra pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Noreen, ìfẹ́ ṣì ń dí i lójú. Ó búra.

Bí wọ́n ṣe sọ Clifford di ẹ̀dá abàmì nìyẹn. Wọ́n ń ti Scotland wá gbọ́ Bernadine Lamont. Desmond Pilling, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan láti Todmorden tóun náà ń gbé àpótí, kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà bí ìgbà mẹ́wàá láti wá ẹni tí ìyá kankan kò bí. Clifford á sì dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, á na ọrùn bí ògòǹgò, á fi ọwọ́ bo àwo tí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ tòsí. Àṣírí kan ṣoṣo ló ní láyé, òun náà sì ni gbogbo ọlá rẹ̀.

Ìgbéyàwó náà túká ní ọdún 1987. Páìpù omi bẹ́ lókè ilé, nínú ilé ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Noreen sáré sókè lọ wò ó, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Níbi tó jókòó sí tó ń ké, Clifford fo ó kọjá pẹ̀lú àpótí kan. Ó padà, ó fo ó kọjá pẹ̀lú èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fo ó kó tó nawọ́ sí i.

"Ìwọ á gbẹ," ló sọ nígbà tó ń gbé e dìde. "Àwọn ò ní gbẹ."

Noreen gbẹ lóòótọ́. Bó ti gbẹ tán ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ kò tú àṣírí. Kì í ṣe nítorí Clifford. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé obìnrin tí ọkọ já kulẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kiri.

Ọdún tún gun orí ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, kílọ́ọ̀bù Bacup pe Clifford ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan láti yẹ́ ẹ sí fún ogójì ọdún tó ti ń fi àwo dá àwọn ènìyàn lára yá. Noreen jókòó ti Winifred, ó ń jẹ páì àti ẹ̀wà lọ́wọ́. Clifford gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé àwo oníbébà funfun náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ní ọdún 1976 òun gbéra lọ sí Chicago nínú yìnyín. Ó ní òun wọ ilé ìkẹ́rùsí kan tí ajá ń ṣọ́, òun fi ìka tí Ọlọ́run fún òun wá inú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àwo kí òun tó rí i. Ó ní Bernadine Lamont fúnra rẹ̀ di òun lọ́wọ́ mú, omi sì lé rodo lójú rẹ̀.

"Ibi tó jìnnà jù tó dé ní ọdún yẹn ni Rhyl, létíkun Wales níbí," ni Noreen sọ fún Winifred, "ó sì bì sínú bọ́ọ̀sì."

"Dákẹ́, jẹ oúnjẹ rẹ."

Ṣùgbọ́n Noreen ti dìde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti èyí kò lé irọ́ rárá, ó ti jókòó tì í fún ọdún márùndínlógójì, ó ń mu tíì. Ó la àárín ilẹ̀ ijó kọjá dé ọ̀dọ̀ Clifford.

"Gbé nǹkan yẹn fún mi."

"Noreen, jọ̀ọ́, lọ jókòó. Páì rẹ ń tutù."

"Jẹ́ kó tutù." Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. "Ẹni tó kọ orin yìí, Odessa Pruitt ló ń jẹ́. Ológbò ìyá Clifford ni Bernadine. Ẹni tó ń ta ẹran fún wọn ni Lamont. Èmi ni mo ra àwo yìí lọ́jà Bury, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Orí ibùsùn ni Clifford wà, ó ń fun ikun."

Winifred ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn.

"Inú ló ń bí i," ni Clifford wí. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti pínyà."

"Bó bá jẹ́ inú ló ń bí mi, ọjọ́ tí o fo mí kọjá ni ǹ bá ti sọ ọ́. Ya bébà yẹn kúrò."

Clifford kò ya á. Ó ti àwo bọ inú àpò rẹ̀, ó ti àpótí pa, ó sì gba ẹ̀yìn jáde láìdágbére.

Noreen rò pé ojú á ti àwọn yòókù. Kàkà bẹ́ẹ̀, Desmond Pilling ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fa bírò yọ.

"Ọmọge, Pruitt yẹn, lẹ́tà T kan ni àbí méjì?"

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn alápòótí ti tò, oníkálukú pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Noreen wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ò tilẹ̀ bèèrè bóyá obìnrin náà wà láyé."

Pilling gbójú sókè. "Ó wà láyé?"

"Mi ò mọ̀."

"Hẹn. T méjì, o wí?"

Kó tó di Àjíǹde, ẹ̀dà méje àwo náà ti jáde láti inú àjà ilé àti inú àpótí káàkiri ayé. Iye owó rẹ̀ já wálẹ̀. Clifford kò fi í sí ẹ̀rọ mọ́ láé. Ohùn inú rẹ̀ kò yí padà, òjò inú rẹ̀ kò dá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn ti ní in, kò wúlò fún un mọ́. Pé àwọn ẹlòmíràn kò ní in ló ń gbọ́ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe orin.

Noreen ní tirẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé ní Rawtenstall, òun àti Winifred, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá Odessa Pruitt. Oṣù mẹ́rin kọjá kí lẹ́tà tó dé láti ìlú kan tó ń jẹ́ Gary ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ọmọbìnrin àbúrò Odessa. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Odessa nígbà tó kọ orin yẹn, wọn kò rà á, kò sì kọrin níbòmíràn mọ́ àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn fún ọgbọ̀n ọdún. Ó kú ní ọdún 2004. Ọmọbìnrin náà wá bèèrè pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn ń jó sí i, nítorí pé Àǹtí òun gbà títí tó fi kú pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí.

Noreen ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka ọdún sẹ́yìn lórí ìka rẹ̀.

"Clifford ló fà á," ni Winifred wí. "Òun ló fi bébà bò ó."

"Bébà ni Clifford fi bò ó. Ẹnu ni èmi fi bò ó. Ìyá náà ṣì wà láyé nígbà yẹn, èmi sì ń ṣe bí ẹni tó níyì."

Ó fèsì. Ojú ìwé mẹ́rin ló kọ: irú yẹ̀rì tí wọ́n ń wọ̀, pọ́dà tí wọ́n ń dà sílẹ̀, bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ pọ̀ nígbà tí obìnrin inú orin bá wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó lọ se omi tíì, ó padà wá. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ti mọ orúkọ Àǹtí wọn láti ọdún 1976, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Winifred ní ìdáhùn á dé, pé ìwé máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọdún méjì ti kọjá. Kò sí ìdáhùn. Noreen kò sì dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí, òun náà kò ní dáhùn.