Bàbá Tó Bèèrè Ènì Lórí Òṣùpá

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Olókùúta ti ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wọn mọ́ inú yàrá ìwádìí. Wóró òkúta òṣùpá kan, tí kò ju wóró iyọ̀ lọ, ló sọnù. Bàbá ti ilẹ̀kùn gbọingbọin, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín!" Ó ní kí ọ̀gá àgbà bọ́ bàtà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun orí rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní, "Bàbá, kí ló ń dán nínú irùngbọ̀n yín yẹn?" Bàbá fi ìka méjì mú un jẹ́jẹ́, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ní ẹni tó gbé e ò tíì jáde."

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìwọ̀n ló máa ń sọ ìtàn yìí jù. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá Bàbá ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Bàbá, Bàbá sì ń pe òun ní Àbúrò. Etí rẹ̀ báyìí ló ṣe nígbà tí Bàbá ń bá ọkùnrin tó ń pín òkúta òṣùpá fún àwọn olùwádìí dúnàádúrà lórí fóònù.

"Ẹ fún mi ní gíráàmù méjì."

"Ìdajì gíráàmù kan ló wà, sà."

"Ìdajì! Ṣé àtíkè ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ojoojúmọ́ ló ń pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí onítọ̀hún fi gbà láti fún un ní gíráàmù kan.

"Ó dáa. Ènì ńkọ́?"

"Sà, òkúta òṣùpá ò ní ènì."

"Òṣùpá tó tóbi tó yẹn?"

Bí àlejò bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á fà á jókòó. "Ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, wà nínú òkúta náà, ìbẹta sì ni. Ojú kan náà, ìwà kan náà, ìwúwo nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ni àmì ìdílé òkúta náà. Nígbà ìwáṣẹ̀, ayé kan ṣáko wá, ó forí sọ ayé wa, àfọ́kù wọn sì kóra jọ di òṣùpá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àmì ìdílé àlejò yẹn ṣì wà lára ọmọ."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Ká ní mo wà níbẹ̀, ṣé gíráàmù kan ni mo máa gbà?"

Bàbá ní àmì náà wà, pé ó kàn kéré ni. Ẹ̀rọ Àbúrò ní kò sí. Ní ìpàdé ọjọ́ kan, Àbúrò dìde lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wù yín lẹ ń rí." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi tún un wọ̀n. Bóyá afẹ́fẹ́ yàrá ń jò wọ inú ẹ̀rọ."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù mẹ́rin. Bàbá bèèrè títí ó fi sú u. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń wọ bàtà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Àbúrò tó tú ẹ̀rọ náà wò. Rọ́bà kan ti là lẹ́nu ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó wọn ìyókù òkúta náà lẹ́ẹ̀mejìlá. Àmì náà yọ, bíńtín báyìí, níbi gẹ́lẹ́ tí Bàbá ní ó wà.

Ó mú bébà èsì náà lọ bá ìyàwó Bàbá nílé.

"Màmá, Ẹ̀gbọ́n ló jàre. Ó bẹ̀ mí títí, n ò dá a lóhùn."

Ìyá yí bébà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbí. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, iyàn tí ẹ jọ jà ló fi ń jẹun. Ọjọ́ tí o ò bá ta kò ó, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀."

"Ká ní ó wà níbí, ì bá ti lẹ bébà yìí mọ́ ilẹ̀kùn mi."

"Ilẹ̀kùn kẹ̀? Iwájú orí ẹ ni!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn títí omi fi gba ojú Àbúrò. Ìyá fa àga tira, ó dì í lọ́wọ́ mú. Kò sí ohun tó wu Àbúrò lọ́jọ́ náà tó kí Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.